Ẹsẹ̀ ẹlẹ́ja yìnyín: àkọsílẹ̀ àìsàn lupus kan ní Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì ni mo máa pè é. Ohun tí ọjà ń pè é náà nìyẹn, ìyá ìbejì sì pọ̀ ní Àkúrẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó máa tipa bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀. Ẹni ọdún 38 ni. Ẹja yìnyín ló ń tà: títọ́ọ̀sì, kòtè, ṣàwá, pánlá. Kí ó tó bí àwọn ìbejì ló ti wà nídìí ẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Oṣù kìíní ọdún ló wá sí ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Ẹsẹ̀ ló gbé e wá.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wú. Awọ orí wọn ń dán, àwọ̀ wọn ti di elése àlùkò tó ń lọ sí dúdú. Èyí tó kéré jù ní ẹsẹ̀ òsì ti là, ó ti di egbò. Àwọn ìka ọwọ́ náà ní tiwọn, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ kò tó ti ẹsẹ̀. Ó ní ó ń yún òun, ó ń ta òun, ó sì ń jó òun, pàápàá lálẹ́ tí òun bá jókòó ti ààrò tàbí tí òun bá fi aṣọ bo ẹsẹ̀ lórí ibùsùn. Láti oṣù kọkànlá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ yẹn ti jẹ owó. Ní kẹ́mííṣì wọ́n ní làpálàpá ni, wọ́n ta ìpara alápapọ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n po oògùn kòkòrò, oògùn làpálàpá àti steroid líle, oògùn tó ń mú wíwú àti ìyún rọlẹ̀, pọ̀ sínú túùbù kan. Ìyún náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Wọ́n fún un ní kápúsù, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan nínú ọjà sọ pé ó ti tẹ nǹkan tí wọ́n dà sí ìdí ìsọ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó fún un ní ọṣẹ àti àgbo. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ní kó máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀ láràárọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Nínú gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná yẹn ló ṣe é ní jàǹbá jù. Ẹsẹ̀ tí òtútù ti mú kì í tètè mọ̀ pé omi ti gbóná jù, ooru òjijì sì tún máa ń dá kún wíwú rẹ̀. Ibẹ̀ ni egbò náà ti ṣẹ̀ wá.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀tẹ̀ kọ́ nìyí?”

Bí ó ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè yìí gan-an ló lé e wá, ju ìrora lọ. Dókítà wa ní kó di ojú, ó wá ń fi òwú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún. Gbogbo ibi tó kàn ló mọ̀. Ẹ̀tẹ̀ máa ń pa ìmọ̀lára awọ ni. Ibi tó bá bà sí a máa kú tipiri, kì í yún, kì í ta. Dókítà fọwọ́ wo àwọn iṣan ìmọ̀lára lẹ́yìn ìgúnpá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ orókùn, wọn ò wú. Ó wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń lù dáadáa, nítorí náà kì í ṣe pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan dí. Ṣúgà rẹ̀ dára, HIV kò sí, AA ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ní kó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ láti ìdájí títí di àṣálẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Lórí káàdì àwọn aláìsàn wa, “òǹtajà” ni a máa ń kọ, ó parí. Ẹni tó ń ta ànkárá ní ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù, òǹtajà ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán ya ẹja tó dì papọ̀, òǹtajà náà ni. Ká ní dókítà yẹn fi ti káàdì mọ ni, wọn ì bá tún fún obìnrin yìí ní ìpara làpálàpá mìíràn kó máa lọ.

Aago márùn-ún ìdájí ló ń wọ kóòdùrúùmù. Òtútù ibẹ̀ a máa tó nǹkan bí −18°C. Ṣẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín, ìró àti sílípáàsì ló ń wọ̀ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan páálí, torí pé bí ẹni kò bá yan fúnra ẹni, wọ́n á gbé èyí tó ti yọ́ tó tún dì fún un. Páálí kan tó 20 kílò. Bó bá dé ìsọ̀, á gbá ẹja tó dì bí òkúta mọ́ ilẹ̀, á fi ọ̀bẹ yà á, á sì fi ọwọ́ fà á sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yìnyín ń yọ́, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì, inú omi yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà títí ọjà á fi tú. Ọwọ́ tó tutù yẹn náà ló fi ń gba owó. Lásìkò ọyẹ́, ìdájí fúnra rẹ̀ tún ti tutù kí ó tó débẹ̀.

Ohun tí òtútù àti ọ̀rinrin ṣe sí ìka rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní chilblains. Kò dà bí ti àwọn tó rìn nínú yìnyín títí ẹran ara wọn fi dì. Ti chilblains kò nílò kí nǹkan kan dì. Òtútù tó wà láàárín 0°C sí nǹkan bí 15°C, tí ọ̀rinrin bá ti dá kún un, ti tó. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró tó wà ní ìka ẹsẹ̀, ìka ọwọ́, etí àti imú máa ń fún pọ̀ nínú òtútù. Bí ara bá wá gbóná lójijì, wọn kì í ṣí bó ṣe yẹ, omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò sínú awọ, ibẹ̀ á wú, á sì máa yún. Ìdí nìyẹn tí ti Ìyá Ìbejì fi ń le jù lálẹ́ nídìí ààrò, tí kì í ṣe nínú kóòdùrúùmù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, níbi tí ilé àtijọ́ ti tutù tó sì rin, ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Ọyẹ́ Àkúrẹ́ nìkan kì í sábà fà á. Àmọ́ ọyẹ́ pẹ̀lú sílípáàsì nínú omi yìnyín, pẹ̀lú −18°C láràárọ̀, kò yàtọ̀ sí kí èèyàn kó lọ sí London ní ìdájí kó sì padà sílé ní ọ̀sán.

Bí ó bá jẹ́ chilblains lásán ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta bí èèyàn bá ti kúrò nínú òtútù. Ìyá Ìbejì sì ti kúrò níbẹ̀ rí: lásìkò Kérésì ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìdànrè, kò fọwọ́ kan ẹja, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Títí ó fi padà dé, ìka náà kò sàn. Èyí ni dókítà gbọ́ tó fi gbé bírò sílẹ̀, tó sì ní kó tú gèlè.

Ó kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, kí ló kan orí. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo sì fa kọ́tìnì, ó tú u, ó ń wo ilẹ̀. Ojú ibi méjì ti pá ní orí rẹ̀. Àárín wọn funfun, etí wọn dúdú kirikiri, awọ ibẹ̀ dán, ó sì fẹ́lẹ́, kò sí ihò irun kankan mọ́. Nínú kòtò etí ọ̀tún, ojú dúdú kan wà tó ń hó èépá. Ó rò pé rìlásà àti irun dídì ló fà á. Gèlè àti wíìgì ló fi ń bò ó, ọkọ rẹ̀ gan-an kò tíì rí i.

Orí àti etí yẹn ló sọ irú àìsàn tó wà ní ẹsẹ̀. Àpá tó ń jẹ irun, tó funfun láàárín tó dúdú létí, tó sì tún wà nínú kòtò etí, jẹ́ àmì lupus ti awọ ara tí àwọn dókítà ń pè ní discoid lupus. Nínú lupus, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò á yí padà, wọ́n á máa bá ara olúwa wọn jà. Nínú mẹ́wàá tó ní in, nǹkan bí mẹ́sàn-án jẹ́ obìnrin, ó sì máa ń mú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 44 jù. Àwa dúdú ló ń mú jù, àwa náà ló sì ń le mọ́. Ó lè wà ní awọ nìkan, ó sì lè wọ oríkèé, kíndìnrín, ọkàn àti ọpọlọ. Èyí tó máa ń tàn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti imú bí ìyẹ́ labalábá sábà máa ń bá ti inú ara rìn. Irú kan wà tí oòrùn ń gbé jáde ní àyà àti apá. Irú tí òtútù ń gbé jáde ní ìka, tí wọ́n ń pè ní chilblain lupus, kò wọ́pọ̀; dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Jonathan Hutchinson, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1888. Àwọn ẹbí kan máa ń jogún rẹ̀, nítorí àléébù nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ TREX1, àmọ́ irú ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹbí Ìyá Ìbejì tó ní in.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú nípa àwòrán inú ìwé ìṣègùn. Pupa ni wọ́n máa ń kọ́ wa pé kí a máa wá, nítorí awọ òyìnbó ni wọ́n fi ya á. Lára tiwa, ohun tí wọ́n ń pè ní pupa yẹn máa ń jẹ́ elése àlùkò, tàbí eérú, tàbí dúdú ju ara yòókù lọ. Ẹni tó bá ń dúró de pupa á pẹ́ níbẹ̀.

A kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó gba ọ̀nà Iléṣà lọ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára ìka ọwọ́ rẹ̀ láti wò lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ANA, tó ń wá ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara olúwa rẹ̀ jà, gbé e. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, torí pé àwọn tí ara wọn yá gan-an wà tí ANA ń gbé. Anti-Ro, irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, náà gbé e. Anti-dsDNA, ẹ̀kẹta wọn, tó máa ń bá ti kíndìnrín rìn, kò gbé e. Awọ tí wọ́n gé fi àmì lupus hàn. Wọ́n fi èyí lé àrùn mìíràn kan jìnnà tí orúkọ rẹ̀ máa ń tan èèyàn, lupus pernio, tí kì í ṣe lupus rárá, ẹbí sarcoidosis ni, àrùn tó máa ń mú kókó kéékèèké yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti awọ. Ìlànà tí àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún irú àìsàn yìí ní kí ojú egbò wà ní ìka tàbí etí kí òtútù sì jẹ́ okùnfà rẹ̀, kí awọ tí wọ́n gé sì jẹ́rìí sí lupus, pẹ̀lú ó kéré tán ẹ̀rí kékeré kan, bíi pé kí lupus tún wà níbòmíràn ní awọ. Ti Ìyá Ìbejì pé.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sí èròjà purotéènì níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 118/74. Awọ ni àìsàn náà mọ sí. Àmọ́ nínú àwọn tó ní irú lupus yìí, ó lè tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó máa di ti gbogbo ara lẹ́yìn ọ̀la, nítorí náà a ò lè gbàgbé ìtọ̀ àti ìfúnpá.

Nígbà tí wọ́n dárúkọ oògùn tó máa lò, ìjà dé. Hydroxychloroquine ni. Ó gbọ́ “chloroquine” tó wà níparí, ó dìde dúró.

“Ẹ gbà mí o! Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n fún mi ní klorokúìnì fún ibà, ìgbálẹ̀ ni mo fi họ ẹ̀yìn mi mọ́jú. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi.”

Kì í ṣe ẹ̀rù asán. Àwọn tó bá ti dàgbà kí Nàìjíríà tó yọ klorokúìnì kúrò ní oògùn ibà àkọ́lò ní 2005 mọ ìyún yẹn dáadáa, awọ dúdú ló sì ń mú jù. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì máa ń fi ọwọ́ rọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Aláìsàn á gba oògùn, á sì lọ jù ú nù. A sọ òtítọ́ fún un: ẹbí ni oògùn méjèèjì, èyí náà lè yún èèyàn, àmọ́ kì í sábà tó ti àkọ́kọ́, bó bá sì yún un kó padà wá kí a wo ohun tí a lè ṣe. Ó yún un díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fara dà á.

Ìwọ̀n rẹ̀ ní ìṣirò. Kò gbọdọ̀ ju 5 mg lọ fún kílò kan lójúmọ́, torí ojú. Ìyá Ìbejì wọn kílò 64, nítorí náà 320 mg ni òkè téńté. Tábúlẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 200 mg, a kì í gé e. Wọ́n ní kó lo méjì lónìí, ẹyọ kan lọ́la, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè jẹ́ 300 mg lójúmọ́ ní ìdọ́gba. Ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yinjú ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa ṣe é lọ́dọọdún bó bá ti pé ọdún márùn-ún lórí rẹ̀, nítorí oògùn yìí lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ tí a kò bá ṣọ́ ọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. A kìlọ̀ fún un pé kì í ṣe oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ó sì máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láfikún, àmọ́ Ìyá Ìbejì kì í mu ún. Owó oògùn náà gun, a sì sọ fún un kó má torí ẹ̀dínwó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri nínú bọ́ọ̀sì. Kó wo nọ́ḿbà NAFDAC.

Oògùn kejì ni nifedipine 20 mg tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ lára rẹ̀ níbí ni pé ó ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ìka. Orí lè máa fọ́ ọ, kókósẹ̀ lè wú. Ẹ̀kẹta ni òróró clobetasol, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, sí ìka àti etí, kò gbọdọ̀ kan ojú. Ti orí jẹ́ olómi. Ẹ ṣàkíyèsí pé steroid ni èyí náà, irú èyí tó wà nínú túùbù kẹ́mííṣì. Ìdí nìyẹn tí túùbù yẹn fi mú ìyún náà rọlẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú, ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró. Steroid líle tí èèyàn ń fi pa ara lóṣù dé oṣù, títí kan èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara ìbóra, máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Oògùn ti rọrùn. Iṣẹ́ ló ṣòro. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn wa sọ fún un pé kó fi ẹja sílẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Owó ẹja ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ìbejì, ẹni tó ní kó fi í sílẹ̀ kò sì ní fún un ní òmíràn. Ohun tó ṣeé ṣe ni a jọ wá. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòdùrúùmù dípò rẹ̀, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa tọ́ka sí páálí tó fẹ́. Ó ra réènbúùtù, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú rẹ̀, ó sì ń gbé méjì mìíràn dání kó lè pààrọ̀ bí wọ́n bá rin. Ìbọ̀wọ́ òwú lábẹ́, ti rọ́bà lókè. Ó to pákó sábẹ́ tábìlì kí ẹsẹ̀ má bàa wà nínú omi. Bí ó bá délé, á kọ́kọ́ nu ara gbẹ, á wọ aṣọ tó nípọn, á jẹ́ kí ara gbóná fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ààrò, kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Àwọn oníbàárà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di dókítà. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Dókítà Ẹlẹ́ja, kí wọ́n ṣáà rà.

Ibi tí a ti ní láti tún un sọ léraléra ni ti oòrùn. Nínú ọyẹ́, bí òtútù bá mú wa, à ń jáde lọ yá oòrùn ni. Fún olólupus, kò sí ibi ìsádi níbẹ̀: òtútù ń gbé ti ìka jáde, oòrùn ń gbé ti orí, etí àti ojú jáde. Ó ra agbòòrùn ńlá sí ìsọ̀, ó ń wọ aṣọ alápá gígùn. Ìpara ìdènà oòrùn SPF 30 tó máa ń fi sí ojú àti etí wọ́n gan-an, kì í fi ọjọ́ kankan ṣeré pẹ̀lú túùbù yẹn, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí wúrà.

Wọ́n tún bi í ní Ifẹ̀ bóyá ó ṣì fẹ́ bímọ, nítorí pé bí anti-Ro bá wà lára ìyá, ó lè kọjá sára ọmọ inú, kó sì da lílù ọkàn ọmọ náà rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Hydroxychloroquine fúnra rẹ̀ kò léwu fún aboyún, wọn kì í dá a dúró. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn méjì tó wà nílẹ̀ ti tó òun.

Ìyún náà rọlẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ nifedipine. Egbò ìka kékeré jiná ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Ní oṣù kẹrin, èépá inú etí ti tán, kò sí ojú tuntun kankan ní orí. Àmọ́ àwọn ìka yẹn ṣì dúdú, wọ́n á sì dúdú fún ìgbà pípẹ́. Irun kò sì ní hù mọ́ ní ojú méjì tó ti di àpá. A sọ ìyẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa lọ ra òróró irun ìyanu. Ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, ó dá nifedipine dúró fúnra rẹ̀ torí pé kókósẹ̀ rẹ̀ ń wú, ìka méjì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Dókítà dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì ń bá a lọ. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ń wo ìtọ̀ rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ọyẹ́, àbúrò rẹ̀ náà wá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ wú, ó ń yún un, ó sì ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ pé òun náà ti ní lupus. Ọwọ́ lásán ló fi ń gbé páálí. Ìbọ̀wọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un, ó ní kì í jẹ́ kí òun lè di páálí mú dáadáa. A wo orí rẹ̀, a wo etí, a wo ẹnu, kò sí nǹkan kan. Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. A ní kó wọ ìbọ̀wọ́ kó sì yàgò fún kóòdùrúùmù fún ìgbà díẹ̀, a kò fún un ní kóró oògùn kankan. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìka rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà.